Àlhájà ní mo ń ba orin jẹ́

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ Àlhájà tá a jọ ń gbélé ní Mákùn o!

Láàárọ̀ yìí, mo ń fi áltò, ohùn kejì tó máa ń tẹ̀lé ohùn orin gan-an, tí mo máa kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la dánra wò. Tí mo bá ti bọ́ sáàárín akọrin, ohùn tí gbogbo ìjọ ń kọ ló máa ń gbé mi lọ.

Àlhájà ń ṣa obì lágbàlá. "Ṣé orin nìyẹn? O ti bà á jẹ́!"

"Áltò ni, mà. Bó ṣe rí nìyẹn."

Wọn ò gbà. Wọ́n gbé orin náà bí wọ́n ṣe máa ń gbọ́ ọ láti ṣọ́ọ̀ṣì wa, kí n lè tún tèmi ṣe. Inú bí mi, mo di tèmi mú.

Àfi bí ohùn wa ṣe wọnú ara wọn. Orí mi wú. Mo dákẹ́.

Àlhájà gbé obì sílẹ̀. "Ta ní kó o dákẹ́? Máa bà á jẹ́ lọ, ọmọ mi."

Ẹ̀yin akọrin, ta ni Àlhájà tiyín?