Ìgò Tí Kò Gbọdọ̀ Kúrò Nílẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀, kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín. Tíṣà ni mí ní Ọ̀sì nígbà náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ikọ́ kan mú mi, mo fojú kékeré wò ó. Kí n tó mọ̀, mi ò lè kọ ìlà méjì sójú bọ́ọ̀dù láì mí hẹlẹhẹlẹ.

Wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù ní Ìlọrin. Wọ́n ya fọ́tò àyà mi, wọ́n ní ọyún ti kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó sì ti fún ẹ̀dọ̀fóró mi mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ṣé wọ́n á la àyà mi bí ẹni la ewúrẹ́ ni? Dókítà ní rárá o, ihò kan tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ ni wọ́n máa lu sáàárín egungun ìhà mi, wọ́n á wá ti rọ́bà bọ̀ ọ́.

Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ kí ibẹ̀ lè kú, ṣùgbọ́n ojú mi là kedere. Mo mọ̀ bí rọ́bà yẹn ṣe ń wọlé. Àdúrà wo ni mi ò gbà? Ọyún dà sínú ìgò olómi kan tí wọ́n gbé sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èémí mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í délẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún mi pé ìgò náà kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀. Bó bá ga ju àyà mi lọ, ohun tó wà nínú rẹ̀ á padà sí mi lára. Mo ní mo ti gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó tọ́ mi dàgbà, tí mo ń pè ní Màmá, dé láti Ìlọ́fà. Ó rí ẹnì kan tó fẹsẹ̀ ré rọ́bà mi kọjá. Ojú ẹ̀ le. Ó ní, “Àwa kì í jẹ́ kí wọ́n fẹsẹ̀ ré nǹkan ọmọ wa kọjá lulé.” Nílé tiwa ló ń wí. Ló bá gbé ìgò náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, lókè orí mi, ó dijú, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Mo mọ̀ o. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá àdúrà mọ́ irú ìyá bẹ́ẹ̀ lẹ́nu? Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n dúró de àmín, àdúrà Màmá kì í sì í tètè dé àmín.

Mo rí omi ìdọ̀tí náà tó ń bọ̀ nínú rọ́bà. Ó tutù wọ ẹ̀gbẹ́ mi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn ò jáde mọ́. Ẹ̀rù ikú bà mí ju ọjọ́ tí wọ́n lu mí níhò lọ. Màmá gbọ́ bí mo ṣe ń mí gúlegúle, ó rò pé Ẹ̀mí ló bà lé mi, ló bá tún gbóhùn sókè.

Bàbá kan tó ń ṣàìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì kejì ló figbe pe nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì sáré wọlé, ó fún rọ́bà náà pa, ó gbé ìgò sílẹ̀. Ibà tó tẹ̀ lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ má lọ mọ́.

Màmá ní, “Ọmọ mi, mi ò mọ̀.” Mo ní èmi náà ò mọ̀. Irọ́ ni mo pa, òun ló sì gbà gbọ́ títí ó fi kú.

Ọ̀wọ̀ dára, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mọ ohun tó lè pa yín, ẹ tètè sọ ọ́, kódà bó jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn yín jù lọ ló ń ṣe é. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí lẹ mọ̀ tí ìtìjú àgbà ò jẹ́ kí ẹ lè sọ, ta ló sì bá yín pariwo?