Oṣù Tí Yèyé Fi Kún Oyún Ìyá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Òkè-Ìlá, ní Adó-Èkìtì níbí, ìyá mi nìkan ni obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba nínú agboolé wa. Tíṣà ni, ìlú Ìyìn ló sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń ráhùn pé lífù ìbímọ yín kò tó, ẹ jókòó kí n sọ ohun tójú wa rí fún yín.

Oṣù mẹ́ta ni ìjọba ń fún aláboyún nígbà náà. Tó bá ti ku díẹ̀ kó bímọ, wọ́n á ní kó máa lọ sílé, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ìwé tí nọ́ọ̀sì bá kọ nípa oṣù oyún ni wọ́n ń tẹ̀ lé ní ọ́fíìsì. Ẹni tí kò bá padà lọ́jọ́ tó yẹ, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

Ìyá bàbá mi, Yèyé ni gbogbo wa ń pè é, ló tẹ̀ lé ìyá mi lọ gba ìwé náà. Ẹ ò mọ Yèyé! Kì í sọ iye oṣù oyún gan-an fún ẹnikẹ́ni, torí ta ló mọ ẹni burúkú tó lè máa gbọ́? Nọ́ọ̀sì béèrè oṣù, kí ìyá mi tó lanu, Yèyé ti dá a lóhùn pé ó ti pé mẹ́jọ. Irọ́ gbuu! Oṣù mẹ́fà àti díẹ̀ ni. Ikùn ìyá mi tóbi, nọ́ọ̀sì gbà á gbọ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ni yóò já ìyá ọkọ rẹ̀ nírọ́ lójú àlejò? Ìyá mi gba ìwé, ó mú un lọ sí ọ́fíìsì.

Bó ṣe jókòó sílé nìyẹn tó ń bó ẹ̀gúsí. Oṣù kìíní lọ, ìkejì lọ, ikùn ṣì wà níwájú. Nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin wá dé, ọjọ́ kejì ìkómọ rẹ̀ ni lífù parí. Ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án! Ìyá mi sunkún títí, torí iṣẹ́ yẹn ni gbogbo wa fi ń lọ sílé-ìwé.

Lọ́jọ́ náà, kò lọ sí Ìyìn. Ó gba ọ́fíìsì ìjọba tó wà ní àdúgbò Adébáyọ̀ lọ, Yèyé gbé ọmọ mọ́ àyà, èmi gbé báàgì tẹ̀ lé wọn. Ọ̀gá ibẹ̀ tú fáìlì, ó yọ ìwé nọ́ọ̀sì jáde.

"Ìyáàfin, ohun tí ìwé wí nìyí. Ó ti yẹ kí ọmọ yín lé lóṣù méjì báyìí. Ẹ wọṣẹ́ lónìí, tàbí kí ẹ kọ̀wé fi í sílẹ̀."

Omi ń bọ́ lójú ìyá mi, ṣùgbọ́n kò tú àṣírí ìyá ọkọ rẹ̀. Mo wo Yèyé. Obìnrin tí n kò gbọ́ rí kó sọ pé òun jẹ̀bi, ó dìde fùú!

"Èmi ni mo pa urọ́ náà! Ẹ má gba uṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi."

Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti tẹ́ ọmọ sórí fáìlì, ó tú aṣọ lára ọmọ náà. Ìwọ́ rẹ̀ kò tí ì já. "Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé ọmọ oṣù méjì nìyí?"

Ọ̀gá tẹjú mọ́ ìwọ́ náà títí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ Èkìtì ni òun náà, ó mọ àwọn ìyá wa. Ó ní, "Ìyá, ṣé èmi náà wà lára àwọn ọ̀tá tí ẹ ń fi oṣù pa mọ́ fún ni?"

Yèyé ní, "Ṣé mo mọ̀ yín tẹ́lẹ̀ ni?"

Ọ́fíìsì dàrú fún ẹ̀rín. Ojú wa ni ọ̀gá ti kọ lẹ́tà tuntun pé kí wọ́n ka ìsinmi ìyá mi láti ọjọ́ tó bímọ. Àbúrò mi sì tọ̀ sára fáìlì náà kí a tó gbé e kúrò.

Ẹ wo bí a ṣe jáde! Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń sunkún. Yèyé ń dá àwọn èèyàn dúró ní títì, ó ń sọ fún wọn pé òun bá ìjọba rojọ́, òun sì jàre. Ó ti gbàgbé pé òun ló dá ọ̀ràn sílẹ̀. Ìyá mi ṣe tíṣà títí ó fi gba pẹ́ńṣàn, èmi náà sì ti ṣiṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìn tì.

Ayé ti yí padà, ó sì dùn mọ́ mi. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ ìjọba nínú Adó yìí, ó lóyún, lífù tirẹ̀ sì gùn ju ti ìyá mi lọ. Wọ́n á fún ọkọ rẹ̀ pàápàá láyè láti jókòó ti ọmọ. Ọkùnrin, lífù ìbímọ! Bí Yèyé bá gbọ́, á ní a ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tẹ̀ lé ọmọ ọmọ mi náà lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ti fi ẹ̀rọ wò ó, ó mọ oṣù, ṣùgbọ́n ó fẹ́ bá mi ṣeré. Ó ní, "Mọ́mì, oṣù mélòó ni ẹ rò pé ó jẹ́?" Ọmọ ọmọ mi ń wò mí, ó ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rín, ó mọ ìtàn náà. Mo gbé ohùn sókè, mo ka oṣù náà bó ṣe rí gan-an, kí gbogbo èèyàn tó jókòó síbẹ̀ lè gbọ́:

"Oṣù méje àti ọjọ́ mẹ́ta! Kọ ọ́ síbẹ̀, ọmọ mi, bí mo ṣe sọ ọ́."