Ọgbẹ́ Tó Ń Kẹ̀ ní Wọ́ọ̀dù Wa

Ọjọ́ kẹta tí Flomo dé wọ́ọ̀dù mi ni ọgbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Àpótí ẹrù kan ló já lé e lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń já ẹrù ọkọ̀ ojú omi ní Freeport, èbúté Monrovia. Ọgbẹ́ náà mọ́ nígbà tó wọlé. Èmi fúnra mi ni mo fọ̀ ọ́. Àfi bí mo ṣe tú báńdéèjì láàárọ̀ ọjọ́ náà tí mo bá ọyún aláwọ̀ ewé níbẹ̀.

"Òun náà tún nìyẹn!" ni mo pariwo. Ẹni kẹfà láàárín oṣù kan!

Ogun ń jà ní Monrovia nígbà yẹn. Èmi ni nọ́ọ̀sì àgbà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ní ọsibítù kékeré kan. Iṣẹ́ olùkọ́ tí ọkọ mi ń ṣe ló gbé wa débẹ̀ láti Iléṣà. Oògùn ò tó, omi ò tó, sùúrù tèmi náà ò sì tó mọ́. Dókítà wa, Yorùbá bíi tèmi, fún Flomo ní pẹnisílíìnì, kò ràn án. Ó gbé ampisílíìnì lé e, kò ràn án. Nígbà tó kan abẹ́rẹ́ tó le jù nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa, ńṣe ni ọyún ń pọ̀ sí i bí ẹni pé oúnjẹ la fún un.

"Dókítà, kí wá ni ká ṣe?"

"Sísítà, àwọn ará ilé aláìsàn ni. Kápúsù méjì méjì tí wọ́n ń rà lórí àtẹ ní Clara Town ló ń sọ kòkòrò di akíkanjú. Ẹ máa lé wọn!"

Mo lé wọn lóòótọ́. Mo tú àpò, mo gba kápúsù, mo bá àwọn ìyàwó aláìsàn jà títí ohùn mi fi há. Ọgbẹ́ ò yéé kẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, apẹja kan láti New Kru Town yọ sí mi. Ó ti sá kúrò ní wọ́ọ̀dù mi ní ọjọ́ kejì tó gba bẹ́ẹ̀dì; bàtà tó gbàgbé ló wá mú. Ọwọ́ rẹ̀ tí ìwọ̀ ẹja fà ya ti jinná pátápátá.

"Kí lo fi sí i?"

"Omi iyọ̀ tí ìyàwó mi sè ni, Ma. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Inú bí mi. Èmi tí mo kàwé, omi iyọ̀ ìyàwó apẹja wá ń jù mí lọ! Bí ọgbẹ́ bá ń jinná nílé, a jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa ni wàhálà wà. Mo padà sídìí tábìlì ìfọgbẹ́, mo ń yẹ gbogbo ohun tí mo fi ń kan aláìsàn lára wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dé orí bàsíà tí a ń rẹ ẹ̀mú sí, ẹ̀mú tí a fi ń di òwú mú kí ọwọ́ má baà kan ọgbẹ́. Oògùn tó ń pa kòkòrò ló yẹ kó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn náà ti wọ́n bí ojú, èmi náà ni mo sì pàṣẹ fún Kebbeh, nọ́ọ̀sì tó wà lábẹ́ mi, pé: "Má dà á nù. Máa bu omi lé e."

Oṣù méjì la ti ń bu omi lé e. Mo ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ bàsíà, ó ń fà bí ọbẹ̀ ilá. Mo gbóòórùn rẹ̀. Òórùn ẹsẹ̀ Flomo gan-an ni.

Kòkòrò ti fi oògùn wa ṣe ilé. Oògùn tí a fi omi là títí tí kò lágbára mọ́ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fara da oògùn, àwa la sì ń fi ẹ̀mú gbé e lọ sára aláìsàn láràárọ̀.

A dà á nù lójú ẹsẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í se ẹ̀mú lórí iná èédú, a ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ láti bẹ́ẹ̀dì kan sí èkejì. Ọgbẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ò kẹ̀ mọ́. Ó ti pẹ́ jù fún Flomo. Dókítà gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún.

"Ẹ má sọ fún un o," ni Dókítà wí. "Ogun ló fà á."

"Ogun kọ́ ló ní ká máa bu omi lé e, Dókítà. Èmi ni."

Mo sọ fún Flomo.

"Ma, ẹ má fọwọ́ kàn mí mọ́."

Mo gbà. Kebbeh ló ń tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Èmi, nọ́ọ̀sì àgbà, ni mo ń di kẹ́tùlù mú, tí mo ń da omi sí Kebbeh lọ́wọ́ kó fi fọ̀ ọ́ kó tó kàn án. Flomo á gbé orí sókè lórí pílò, á máa ṣọ́ wa.

"Ó ku àárín ìka," ló máa ń wí.

Màá sì tún omi dà.