Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Gbà

Mo rántí bí kíláàsì fọ́ọ̀mù fọ́ọ̀ ṣe máa ń móoru lọ́sàn-án, ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí mo ti kọ́kọ́ ṣe tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Òde, láàárín àwọn ọdún 1980. Àwọn ọmọ náà lé ní àádọ́rin. Ẹni mẹ́ta ń há ara wọn mọ́ bẹ́ǹṣì ẹni méjì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, mo sì gbà pé kí tíṣà máa pe nóòtì kí ọmọ máa kọ ọ́ kì í ṣe ẹ̀kọ́. Mo pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ kí wọ́n lè máa jiyàn, mo ní kí wọ́n tọ́ èmi gan-an sọ́nà bí mo bá ṣìṣe. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀: mo kọ ọ́ sójú pátákó. Síbẹ̀, nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó dàgbà jù ló ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù a máa mi orí. Mo rò pé ọ̀lẹ ni wọ́n. N kò bi ara mi léèrè ohun tí ojú ọmọdé máa ń rí tó bá já àgbà nírọ́.

Lọ́jọ́ kan, nínú ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì, mo ya àwòrán afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sójú pátákó, mo sì ṣèèṣì fa ọfà rẹ̀ láti òkun wá sí ilẹ̀ wa. Ọmọbìnrin kan tó ń ti Òdogbolú wá, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ọyẹ́ kì í ti òkun wá. Apá aṣálẹ̀ lókè lọ́hùn-ún ló ti ń bọ̀. Ìyẹn ló ṣe máa ń gbẹ wá létè.”

“Háà! O já tíṣà nírọ́!” ni olórí ẹgbẹ́ rẹ̀, ọmọkùnrin gìrìwò kan, wí. “Lọ gba ṣọ́ọ̀kì, kó o máa kọ́ wa!”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo nu ọfà náà, mo ní ọmọbìnrin náà ló tọ̀nà. Kí aago tó lù, ọwọ́ bíi mélòó kan ti nà sókè láti jiyàn.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọmọ náà mú un wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Wọ́n ti sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ dójú ti tíṣà. Obìnrin tó lè bí mi lọ́mọ kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn.

“Tíṣà, ẹ má bínú. Ìwà ọmọdé ni. A ò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nílé.”

“Háà, màmá, ẹ dìde, ẹ dìde! Kò sí nǹkan kan, mà. Mo ti dárí jì í.”

“Ẹ ṣeun o, tíṣà.” Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Ṣó o gbọ́? Wọ́n ti dárí jì ẹ́. Má dán irú ẹ̀ wò mọ́.”

“Ẹ ṣé, sà,” ni ọmọ náà wí.

Ẹyin lohùn. Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni mo rò pé mo sọ. Ta ni yóò jẹ́ kí ìyá bẹ́ẹ̀ pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀? Ṣùgbọ́n kí ni mo dárí rẹ̀ jì í? Nígbà tí mo padà sọ fún kíláàsì pé kò ṣẹ̀ mí, wọ́n rò pé ojú àánú ni mo fi ń wò ó. Bí mo bá pè é lẹ́yìn náà, yóò ní, “Bí ẹ ṣe sọ ọ́ náà ni, sà.” Àwọn yòókù náà kò nawọ́ sókè mọ́.

N kò lè fi kíláàsì kan ṣoṣo dá ọ̀nà ìkọ́ni kan láre tàbí lẹ́bi. Bóyá àwọn ọmọ ló pọ̀ jù nínú kíláàsì náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí n sọ lẹ́nu ọ̀nà náà kò gùn rárá: “Màmá, ọmọ yín ló kọ́ mi.” Mo ti wá mọ̀ ọ́n sọ báyìí. Ṣùgbọ́n ìyá náà ti lọ sílé rẹ̀ tipẹ́.