Káàdì Tí Wọ́n Fi Áyọ́ọ̀nù Lọ̀ ní Ìgándò

Bí ẹ bá rí irọ́ kan ṣoṣo nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, kí ojú mi méjèèjì, tí mo ṣì fi ń ka ìwé láìlo awò lẹ́ni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, fọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ti búra, ó parí. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó rọra kà á dé ìsàlẹ̀, mo ti fi ẹlẹ́rìí síbẹ̀ dè é.

Èmi ni wọ́n ń pè ní Bàbá Ẹlẹ́rọ ní Òkè-Odò. Mi ò jókòó sí kíláàsì kankan rí. Ara bébà tí wọ́n fi ń wé àkàrà ni mo ti kọ́ ìwé kíkà. Mo tú rédíò bàbá mi palẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, mo tún un tò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ibùdó méjì tí kì í gbé tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń sọ èdè tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí ní gbogbo Èkó. Nítorí náà, tí mo bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, ẹ fetí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tèmi kọ́ nìyí. Ìtàn Morónkẹ́ Adébùnmí ni, obìnrin tó ń tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn ní ọsibítù kékeré kan ní Ìgándò. Mi ò ní dárúkọ ọsibítù náà, torí pé ibẹ̀ ni mo ti ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi.

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Morónkẹ́ ti lò nínú yàrá káàdì yẹn. Yàrá tóóró ni, fèrèsé ẹyọ kan, pákó ìkówèésí láti ilẹ̀ dé òrùlé, ẹgbẹ̀tàlá káàdì lórí wọn. Aláṣọ funfun ni Morónkẹ́, kì í sì í wọ bàtà nínú yàrá náà, bí ẹni pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ló wà. Tí o bá yọjú, kò ní béèrè orúkọ rẹ. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá Méjìlá," bó ṣe máa ń kí mi nìyẹn, torí pé èmi ni ẹnì kejìlá tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ká ní mi ò dúró jẹ ẹ̀kọ lọ́jọ́ náà ni, èmi ni ǹ bá jẹ́ ẹnì kìíní.

Ó ní àṣà kan. Tí aláìsàn bá kú, dókítà àgbà fẹ́ kí wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́ sórí káàdì rẹ̀. Morónkẹ́ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ tèmi ò ní kọ ikú sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọ ènìyàn." Ohun tó máa ń ṣe ni pé á ká igun òkè káàdì náà wálẹ̀, lápá ọ̀tún, á fi èékánná tẹ̀ ẹ́, á wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé "Ó dìgbà," á sì dá a padà sáàárín àwọn alààyè, ní ààyè rẹ̀ gan-an. Ó ní ilé wọn náà ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa igun yìí àfi òun, àti èmi tí ojú mi kì í fo nǹkan.

Káàdì kan wà níbẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ ni irinwó ó lé mẹ́tàdínlógún. Promise Adébùnmí. Ọmọ kan ṣoṣo tí Morónkẹ́ bí nìyẹn. Ọsibítù yẹn ló bí i sí, ibẹ̀ náà ni ibà ti mú un lọ lọ́mọ ọdún méje, ó ti pé ọdún mọ́kànlá báyìí. Ìyá rẹ̀ ká igun káàdì náà fúnra rẹ̀, ó dá a padà. Kò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ibì kankan lábẹ́ ọ̀run tí wọ́n kọ ọ́ sí pé Promise kú.

Lọ́dún tó kọjá, ẹni tó ni ọsibítù, tó ń gbé ìlú òyìnbó, ra kọ̀ǹpútà. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo ohun tó wà nínú káàdì sínú rẹ̀, kí wọ́n wá kó káàdì dànù. Ẹni tó rán wá ni Báyọ̀dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ẹ̀gbẹ́dá, ẹni ọgbọ̀n ọdún, ọlọ́yàyà, tí ẹ̀wù rẹ̀ máa ń le gbagidi bíi pákó. Ó gbé ẹ̀rọ kan wá tó ń gbé káàdì mì lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń ya àwòrán rẹ̀. Gbogbo káàdì tí igun rẹ̀ bá ti ká, ó ń há ẹ̀rọ náà lọ́fun.

Morónkẹ́ ò sí nílé lọ́sẹ̀ náà. Ó lọ síbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Báyọ̀dé ò bi ẹnì kan léèrè. Ó yá áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó sì fi áyọ́ọ̀nù lọ àwọn káàdì náà bí ẹni ń lọ aṣọ ìyàwó. Ó lọ gbogbo igun tó ká, ó tẹ́jú. Kí Morónkẹ́ tó dé, gbogbo nǹkan ti wọ inú ẹ̀rọ tán, àwọn káàdì sì ti wà nínú àpò ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà.

"Báyọ̀dé, igun káàdì mi ńkọ́?"

"Mo ti bá yín tún wọn ṣe, mà. Wọ́n ti ká kọ́rọ́kọ́rọ́ jàre. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń dán!"

"Ta ló ní kí o tún wọn ṣe?"

"Hàbà! Àbí ẹ ò fẹ́ kó tẹ́jú ni?"

Morónkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó ṣàlàyé fún un, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Báyọ̀dé. Ó ní ẹ̀rọ náà ti kọ gbogbo wọn sílẹ̀ bí alààyè. Láti ọjọ́ Ajé, yóò máa pe gbogbo ènìyàn wá tẹ̀ka, ogójì lóòjọ́, bí nọ́ńbà wọn ṣe tò. Á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù wọn lọ́jọ́ tó ṣáájú, á sì fi ohùn pè wọ́n nínú tẹlifíṣọ̀n tó wà ní yàrá ìdúró, yálà wọ́n wá àbí wọn ò wá.

"Dá a dúró."

"Ọ̀gá ti tì í láti ọ̀hún, mà. Ẹni tí a bá kọ ọ́ sórí ẹ̀ pé ó ti kú nìkan ni kò ní pè."

Morónkẹ́ fi ìka ṣírò. Ogójì lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Irinwó ó lé mẹ́tàdínlógún á bọ́ sí ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹta. Ó yíjú sí mi, torí mo wà níbẹ̀, mo wá gba oògùn. "Bàbá, wọ́n máa pe ọmọ mi. Mi ò lè gbọ́ ọ. Mi ò sì lè kọ ọ́."

Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ pé. Ìjókòó kún. Ọ̀rẹ́ mi Julius Akínbọ́lá, tó ti Baruwa wá, jókòó tì mí.

"Bàbá Ẹlẹ́rọ, o ò tíì kú ṣá?"

"Tí mo bá kú, ta ni yóò sin ẹ́, Julius?"

Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀. Ohùn obìnrin ni, ṣùgbọ́n obìnrin tí wọn ò bí níbì kankan. Kò mí láàárín ọ̀rọ̀. Nígbà tó kàn mí, mo wọlé, mo tẹ̀ka. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ gbà á, torí pé ìlà àtàǹpàkò mi ṣì hàn bíi tọmọ tuntun. Mo padà jókòó ti ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n pe nọ́ńbà ọgbọ̀n: "Julius Akínbọ́lá, yàrá kejì." Julius dìde. Kò tíì gbé ẹsẹ̀ tí ohùn náà fi tún ní: "Hope Akínbọ́lá, yàrá kejì."

Hope ni ìyàwó rẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ gba káàdì. Ó ti di ọdún mẹ́fà tí a ti sin ín, èmi gan-an bu iyẹ̀pẹ̀ sí i.

Wọ́n ti mú iná lọ láàárọ̀ náà, bátìrì ni kọ̀ǹpútà ń lò, fáànù ò yí. Afẹ́fẹ́ ò sì fẹ́. Ilẹ̀kùn yàrá kejì, tó wà ní títì, ṣí wẹ́rẹ́. Ó dúró díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn dúró ti ilẹ̀kùn kí arúgbó lè kọjá. Lẹ́yìn náà ó padé. Òórùn ìpara róòbù gba gbogbo ibẹ̀ kan.

"Òun nìyẹn," Julius wí. "Orúnkún rẹ̀ ló máa ń fi í ra." Ó kì ọwọ́ bọ àpò, ó fa gèlè aláwọ̀ aró kan yọ. "Wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ lánàá, pé kó wá. Mo bá a mú gèlè rẹ̀ dání. Má bi mí pé kí ni mo rò, mi ò mọ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni ilẹ̀kùn yẹn ṣí fún ẹni tí ojú ò rí lọ́jọ́ náà. Kí ó tó di ọ̀sán, gbogbo aláìsàn ti bọ́ síta, wọ́n dúró sínú oòrùn. Èmi nìkan ni mo jókòó. Ẹ̀rù kì í bà mí, ẹsẹ̀ mi ló ti kú tipiri.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Morónkẹ́ tú àwọn àpò ìrẹsì. Ó mú káàdì kan, ó gbé e síwájú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè gbà á kọjá. Ìlà kan wà ní igun rẹ̀, tín-ín-rín bí irun orí.

"Wò ó, Báyọ̀dé. Áyọ́ọ̀nù lè tẹ́ ẹ, kò lè pa á rẹ́. Ìwé kì í gbàgbé ibi tí wọ́n ti ká a. Èmi á máa pe nọ́ńbà, ìwọ á máa tẹ̀ ẹ́."

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, níwọ̀n ìgbà tí oòrùn bá ṣì wà ní fèrèsé. Morónkẹ́ á wo igun, á pe nọ́ńbà, á ní "Ó dìgbà." Báyọ̀dé á tẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, Báyọ̀dé náà ti ń wí i tẹ̀lé e. Láti ìgbà náà títí ọ̀sẹ̀ kejì fi parí, ohùn yẹn ò pe òkú mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n dé ìdí àpò. Báyọ̀dé wo ojú kọ̀ǹpútà.

"Mà, ẹ ní igba ó dín mẹ́wàá ni gbogbo wọn. Igba ó dín mọ́kànlá ni mo rí. Ó ku ẹnì kan."

"Mo mọ̀."

"Ẹ pe nọ́ńbà ẹ̀ kí n tẹ̀ ẹ́, ká sinmi jàre."

Mo wà níbẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó wo ojú Morónkẹ́, ó wá rí káàdì tó dì mọ́ àyà.

"Ọwọ́ àjèjì ò ní kọ ọ́," Morónkẹ́ wí. "Tèmi ò sì gbé e."

Ọjọ́ Ajé, Morónkẹ́ wọ sùtánà rẹ̀ wá síbi iṣẹ́. Kò wọ yàrá káàdì. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí aláìsàn, káàdì lórí itan. Mo jókòó tì í. A gbọ́ irinwó ó lé mẹ́rìndínlógún, ọkùnrin kan wọlé, ó jáde. Ohùn náà dákẹ́. Mo rò pé ó ti fò ó.

"Promise Adébùnmí, yàrá kejì."

Ilẹ̀kùn ṣí.

"Ó ń bọ̀," ni Morónkẹ́ dáhùn. Ó dìde, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sísàlẹ̀, dé ibi tí ọwọ́ ọmọ ọdún méje máa ń dé, ó sì wọlé. Mo tẹ̀ lé e. Ta ló tún lè ṣe é?

Dókítà Miriam, tí kò tíì lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀, ló wà lórí àga. Báyọ̀dé wà lábẹ́ tábìlì, ó ń tún wáyà ṣe.

"Mà, aláìsàn yín dà?" Dókítà béèrè.

Nǹkan dún kẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àwọn ọmọdé ló wà níbẹ̀. Kò sí nǹkan lórí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gòkè: kílò márùn-ún, mẹ́wàá, ogún. Ó dúró sórí méjìlélógún. Morónkẹ́ fi káàdì han dókítà. Ohun tí wọ́n kọ gbẹ̀yìn síbẹ̀, lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, ni kílò méjìlélógún.

Ọmọ dáadáa ni Dókítà Miriam. Kò pariwo. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì, ó bi í bí wọ́n ṣe ń bi gbogbo ìyá.

"Kí ló ń ṣe é, mà?"

"Kò sí ohun tó ń ṣe é mọ́, dókítà."

"Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

Báyọ̀dé ò jáde lábẹ́ tábìlì. Ọwọ́ ìwọ̀n ń mì díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ọmọdé ò lè dúró sójú kan.

"Ẹ má kọ ọ́. Ẹ yí kọ̀ǹpútà yẹn sọ́dọ̀ mi."

Ìka kan ló fi tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé káàdì sórí orúnkún, ó ká igun rẹ̀ lórí ìlà àtijọ́, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́. "Ó dìgbà, ọmọ mi." Ọwọ́ ìwọ̀n sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: ó kọ́kọ́ dé ìdajì, ó dúró, ó wá dé òdo, bí ẹni tó gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ kó tó gbé èkejì. Ilẹ̀kùn ṣí, ó padé.

Morónkẹ́ ṣì wà níbi iṣẹ́. Ìka méjì ló fi ń tẹ kọ̀ǹpútà báyìí, ó sì yá ju àwọn ọ̀dọ́ lọ. Wọ́n ti fi kẹ̀kẹ́ kó àwọn àpò ìrẹsì lọ, àfi káàdì kan tó wà nínú Bíbélì rẹ̀.

Julius ń sọ káàkiri pé ogún kílò ni mo kọ́kọ́ pe ìwọ̀n náà. Òun ò wọlé, kí ló mọ̀? Ẹ lọ bá Báyọ̀dé ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó wà láàyè, ara rẹ̀ le. Kí ẹ tó béèrè ohunkóhun, ẹ wo ẹ̀wù ọrùn rẹ̀. Ó rún wómúwómú. Láti ọjọ́ náà, kò fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù mọ́.