Ẹ̀yìn Tí Kò Ṣeé Tẹ̀

Ẹ̀yìn mi ló kọ́kọ́ mọ gìtá kí ìka mi tó mọ̀ ọ́n.

Èkìtì ò tíì pẹ́ tó di ìpínlẹ̀ nígbà yẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama ní Ìkọ̀lé, mò ń bá bàbá mi kọ ebè ní oko wa lọ́nà Odò-Orò. Bùrọ̀dá tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ń kọ́ mi, pàṣán rẹ̀ kì í sì í jìnnà sí i. Bí mo bá tẹ̀ba lórí gìtá láti wo ìka mi, pàá! lẹ́yìn. Bí mo bá pẹ́ kí n tó kúrò ní kọ́ọ̀dù Jíì bọ́ sí Síì, pàá! lórí ìka.

Á ní, "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Á sì tún nà mí.

Gìtá rẹ̀ nìkan ló wà ládùúgbò wa. Ó ti kìlọ̀ pé bí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì bá dé tí mo ṣì ń wo ìka mi, òun á gbé e fún ẹlòmíì. Mo fẹ́ràn gìtá yẹn ju oúnjẹ lọ. Mo gba ìyà.

Àmọ́ ta ni ò ní tẹ̀? Ẹni tó ń kọ ebè láti àárọ̀, ilẹ̀ ni ẹ̀yìn rẹ̀ mọ̀. Mo bá fi èédú fa ìlà okùn mẹ́fà sára igi ọkọ́ mi. Bí bàbá mi bá ti yíjú, mo ti ń fi ìka wá kọ́ọ̀dù lára rẹ̀.

Nígbà tí ìkórè ku ọ̀la, mo dúró láàárín ebè, ọkọ́ dábùú àyà mi, mo dijú, mò ń yí ìka. Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ bàbá mi.

"Uṣẹ́ rèé?"

Ó fi pẹlẹbẹ àdá gbá mi lẹ́yìn. Mo ṣubú lé ebè. Ó tún gbá mi. Yéè! Igbe mi dé oko kejì. Ìyá mi ló sáré wá dì í lápá mú.

Lọ́jọ́ ìkórè, ẹ̀yìn mi ti wú, kò ṣeé tẹ̀ rárá. Mo gbé gìtá lé ẹsẹ̀ níwájú ìjọ, mo jókòó gbọnrangandan, mi ò lè rí ìka mi. Jíì, Síì, Jíì, Síì: ìka ń bọ́ síbi tó yẹ fúnra wọn. Ìjọ dìde. Bàbá mi jó dé iwájú, ó lẹ owó mọ́ mi lórí.

"Ọmọ mi ni o!"

Inú ń bí mi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin tuntun kan wá kọ́ gìtá. Bùrọ̀dá nawọ́ sí mi níbi tí mo gbé gìtá kọ́rùn.

"Ṣé o rí ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ? Pàṣán ló tún un ṣe. Sọ fún bàbá tìẹ náà kó bá mi fi kún un nílé."

Ó gbé pàṣán sókè. Ojú mi ṣú. Mo já a gbà, mo fi orúnkún ṣẹ́ ẹ, mo sọ ọ́ lù ú láyà.

"Gbé gìtá mi sílẹ̀!"

Mo gbé e sílẹ̀. Ó pẹ́ gan-an kí n tó ní tèmi.

Títí dòní, àwọn èèyàn ṣì ń yin ìjókòó mi, wọ́n ní olùkọ́ gidi ló kọ́ mi. Bí mo bá fẹ́ tẹ̀, ó ṣì ń dùn mí níbi tí àdá bà.