Ọjọ́ Tí Ojú Ìwé Yóò Máa Jáde

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, kì í sì í ṣe pé wọ́n fi ń yìn ín. Pátákó ni wọ́n ń kùn níbẹ̀: pátákó ilé ẹ̀kọ́, ti onígbàjámọ̀, ti ilé ìfowópamọ́. Níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti fi búrọ́ọ̀ṣì fa ìlà gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òun a kọ́kọ́ fi ẹfun sàmì, a sún sẹ́yìn, a tún wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tuntun. Ọ̀gá rẹ̀ a ní ká ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni Ọlọ́run gbé iṣẹ́ dídá ayé fún ni, inú òkùnkùn ni gbogbo wa ì bá ṣì wà, tí òun á ṣì máa wọn ibi tó yẹ kí oòrùn dúró sí.

Ṣùgbọ́n pátákó kọ́ ni iṣẹ́ ọkàn rẹ̀. Bó bá délé, a jókòó ti fèrèsé, a máa ya ìtàn kan tí òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ń gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ojú ìwé kan lẹ́yìn òmíràn. Òun ń yàwòrán; àbúrò rẹ̀, tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, ń kọ ọ̀rọ̀ sí i, òun náà ló sì ń darí ìkànnì wọn. Ìtàn náà kò le. Ọkọ obìnrin aránṣọ kan rìnrìn àjò, obìnrin náà sì rán ṣẹ́ẹ̀tì kan dè é. Bí ọdún ti ń yí lu ọdún, tí kò mọ̀ bóyá ọkùnrin náà sanra tàbí ó rù, a tú ẹ̀gbẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà, a fẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bó tún yá, a dín in kù. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníbàárà ń wọlé, tí wọ́n ń jáde, tí wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀, tí wọ́n ń jà, tí ayé ń lọ.

Ẹni tó bá mọ ilé wọn kò ní bèèrè ibi tí wọ́n ti rí ìtàn. Aránṣọ ni ìyá wọn. Bàbá wọn ti lọ wáṣẹ́ sí òkè òkun nígbà tí àbúrò yìí ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ń pè dáadáa, ó wá ń pè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tó yá nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ sánmà kan wà lórí ìṣó lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá wọn, inú ọ̀rá ló wà, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Ìyá náà mọ̀ pé òun ni wọ́n ń yà. Bó bá fẹ́ sinmi ẹsẹ̀, a ṣí fóònù, a wo ojú ìwé tuntun, a rẹ́rìn-ín àwọn oníbàárà inú rẹ̀. Kì í sọ nǹkan kan nípa ṣẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé ìtàn náà ti ní ìparí. Bí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Lórí pátákó, lẹ́tà tó kẹ́yìn ló máa ń kọ́kọ́ sàmì sí, kí àyè má bàa tán kí ọ̀rọ̀ tó tán. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ìtàn yìí: kí ó tó ya ojú ìwé àkọ́kọ́, ó ti ya èyí tó gbẹ̀yìn. Níbẹ̀, obìnrin náà mú abẹ, ó tú ṣẹ́ẹ̀tì náà palẹ̀, apá lọ́tọ̀, ọrùn lọ́tọ̀, ó sì paná ṣọ́ọ̀bù. Kò ní dúró de ẹnikẹ́ni mọ́.

Àwọn òǹkàwé ló dá wàhálà sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ìgbà tó bá wu Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ojú ìwé ń jáde. Òǹkàwé kan wá kọ̀wé pé kí wọ́n jọ̀ọ́ dá ọjọ́ fún àwọn, pé ẹni tó ń dúró láìmọ ọjọ́ ni ìyà ń jẹ jù. Àbúrò ka ìyẹn sókè, ó tún un kà. Ó ní kó máa jáde lójoojúmọ́, ṣebí ojú ìwé tó ti parí kún inú àpamọ́, ẹ̀gbọ́n òun kàn jókòó lé wọn bí adìyẹ ni. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ti tó. Àbúrò ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ṣé òṣùpá ni? Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà nídìí oúnjẹ, wọ́n fà á lẹ́nu ọ̀nà, títí wọ́n fi fà á dé ibi tí àwọn méjèèjì ń sá fún.

"Kì í ṣe ọwọ́ yín ló falẹ̀, Bọ̀ọ̀dá mi," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Ẹ̀rù pé Màmá á dé ìparí ló ń bà yín."

"Ìwọ, ẹ̀rù ò bà ẹ́?"

"Ẹ̀rù pé wọn ò ní débẹ̀ láéláé ló ń ba èmi."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn pé bí ìyá àwọn yóò bá gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹnu òun ni yóò ti gbọ́ ọ, kò gbọdọ̀ já lù ú lójú àwọn oníbàárà. Àwọn méjèèjì kò gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n ìyá wọn. Obìnrin yẹn ló ní kí ìyá wọn gbàgbé ọkùnrin náà. Ìyá wọn dìde láìsọ̀rọ̀, kò sì tíì bá a sọ̀rọ̀ títí dòní. Ọmọ ìyá rẹ̀ nìyẹn o. Àbúrò ní kó tètè lọ sọ ọ́ nígbà náà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní òun á sọ ọ́. Kò sọ ọ́.

Orí àkàbà ló wà lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, tó ń kùn pátákó ilé ìtọ́jú eyín, nígbà tí fóònù rẹ̀ gbọ̀n nínú àpò. Àbúrò rẹ̀ ló kọ̀wé ránṣẹ́. Ó ní òun ti dúró títí ó ti sú òun, òun ti mú ọjọ́: ojoojúmọ́, lọ́sàn-án gangan, ìkànnì náà fúnra rẹ̀ ni yóò máa gbé e jáde. Òun ti kó gbogbo ohun tó wà nínú àpamọ́ sínú rẹ̀, ti àkọ́kọ́ á jáde lónìí. Kí ó má bínú.

Kò ráyè bínú. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé ẹ̀rọ náà kò mọ ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yàtọ̀ sí ìparí rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe dàgbà sí ló ń tò wọ́n, èyí tó pẹ́ jù lọ ni yóò kọ́kọ́ mú jáde. Nínú gbogbo ojú ìwé tó wà nílẹ̀, ìparí ni àgbà wọn.

Ó pe àbúrò rẹ̀. Fóònù dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó sọ̀ kalẹ̀ láìdé ọ̀dà, ó fi lẹ́tà kan sílẹ̀ ní ààbọ̀, ó sì ki eré mọ́lẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá iṣẹ́ dúró. Ọ̀kan nínú wọn ní kí gbogbo ènìyàn sá, pé bí ẹ bá rí i tí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ń sáré, ayé ti parí nìyẹn.

Níkorítá, ọwọ́ òsì lọ sí ṣọ́ọ̀bù oògùn, ọwọ́ ọ̀tún lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Òjìji rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sá wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tán. Ó yà sósì. Àbúrò rẹ̀ kò sí níbẹ̀; wọ́n ti rán an kó gbé oògùn lọ fún aláìsàn kan ládùúgbò kejì, fóònù rẹ̀ sì wà nínú dúrọ́ọ̀ tí gbogbo àwọn tó ń tajà níbẹ̀ máa ń fi fóònù wọn sí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣí ìkànnì náà, orí àbúrò nìkan ló wà. Ó bẹ ìyá àgbàlagbà tó ni ṣọ́ọ̀bù pé bó bá dé, kó sọ fún un pé kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ Màmá. Bó ṣe gbójú sókè, àwọn ọwọ́ aago ara ògiri ti gun ara wọn.

Ẹni tó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́, kó tó rí ilẹ̀kùn. Ó dé ibi tó yẹ kó ti gbọ́ ọ, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dé ẹnu ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́. Oníbàárà kan dúró tó gbé aṣọ kọ́ apá, tó ń wo ìyá náà bí ẹni tó fẹ́ bèèrè ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rù sì ń bà á. Fóònù wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó ní kí oníbàárà padà wá lọ́la. Nígbà tí onítọ̀hún lọ, kò gbójú sókè.

"Ṣé ìwọ lo ya èyí?"

"Èmi ni, Màmá."

"Nígbà wo?"

Irọ́ dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì. "Ó ti pẹ́, Màmá. Òun ni mo kọ́kọ́ yà."

"Ìyẹn ni pé láti ọjọ́ yìí, o ti mọ ibi tó ń lọ, o wá ń wò mí níran."

Ọ̀dà ń gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀, awọ ibẹ̀ ń sún kì. Ìyá rẹ̀ tún wo ojú ìwé náà, ó fi ìka fẹ̀ ẹ́, ó wo apá ṣẹ́ẹ̀tì, ó wo ọrùn rẹ̀.

"Mo rò pé ẹ ò ní jẹ́ kí obìnrin yìí sinmi ni," ló wí. "Ó tú u, ó rán an, ó tú u, ó rán an. Àánú ẹ̀ ti ń ṣe mí."

Láìmọ̀, ojú Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sá lọ sára ìṣó.

"Má wo ibẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ìgbà yẹn ni àbúrò já wọlé, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó fẹ́ máa bẹ̀bẹ̀, ìyá rẹ̀ gbọ́wọ́ sókè, ó ní kí àwọn méjèèjì jókòó. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà bí ọmọ iléèwé tó jẹ̀bi.

"Ẹ yọ èyí kúrò, kí ẹ fi í sẹ́yìn níbi tó yẹ ẹ́," ló wí. "Ọjọ́ Sátidé ni kí ó máa jáde. Mo máa ń tètè ṣíwọ́ lọ́jọ́ yẹn, màá ráyè wò ó dáadáa. Tiyín nìyẹn." Ó na ìka sẹ́yìn láìwẹ̀yìn. "Èyí tó wà lórí ìṣó, tèmi ni. Ẹ mú ọjọ́ fún tiyín. Ẹnì kankan ò gbọdọ̀ mú ọjọ́ fún tèmi. Ṣé ẹ gbọ́?"

Wọ́n ní àwọn gbọ́.

Ìyá wọn yíjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Òwú ti já kúrò lójú abẹ́rẹ́. Ó tì í bọ̀ ọ́, ó tàsé, ó tún tì í, ó tún tàsé. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fẹ́ dìde lọ bá a ṣe é, ó wo ọ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo aṣọ olówùú funfun tó wà lórí ẹ̀rọ, ó sì jókòó padà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àbúrò ti ń tẹ fóònù. Ó rọra bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léèrè pé ìgbà wo lọ́jọ́ Sátidé.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ń wo ọwọ́ ìyá wọn títí òwú náà fi wọlé, tí ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

"Lẹ́yìn tí Màmá bá ti ṣíwọ́," ló wí.